Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Àgbà Akéwì Wa: Ẹ Dá Àwọn Ọmọ Wọ̀nyí Lóhùn

Ẹ̀yin àgbà akéwì wa,

Ìbà ni n ó kọ́kọ́ jú. Ìbà ẹ̀yin tí ẹ ti ń kéwì lórí rédíò kí wọ́n tó bí èmi tí mò ń kọ̀wé yìí. Ìbà ẹ̀yin tí ẹ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, tí ẹ gbé e dé orí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ohùn kò ní pa yín.

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òṣogbo. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́, ìbínú díẹ̀ wà nínú ẹ̀bẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ni: èyí tí àwọn ọmọ ń kọ sí yín, tí ẹ̀yin kì í fèsì sí.

Ẹ mọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní àrokọ onílẹ́tà. Ìbáà jẹ́ lẹ́tà gbẹ̀fẹ́, ìbáà jẹ́ àìgbẹ̀fẹ́, ẹni tí kò sí láyé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí: ẹ̀gbọ́n kan ní Èkó tí kò lójú tí kò nímú, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ láti lọ síbi ìsìnkú. Àdírẹ́ẹ̀sì lápá ọ̀tún, déètì lábẹ́ rẹ̀, ó parí. Ó sú mi. Mo wá sọ fún àwọn ọmọ SS2 pé kí oníkálukú mú akéwì kan tó fẹ́ràn, kí ó kọ̀wé sí i ní tòótọ́, kí ó sọ ìdí tí ewì rẹ̀ fi wọ̀ ọ́ lára, kí ẹni tó bá sì ní ewì tirẹ̀ fi sí i. Ẹ ò bá rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́! Àwọn ọmọ tí ìdajì ojú ewé máa ń ṣòro fún bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ ìwé kún ìwé. A fi òmíràn ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ rédíò, òmíràn gba orí WhatsApp lọ, òmíràn gba Facebook.

Kí ló padà wá? Ọmọkùnrin kan ka ewì rẹ̀ sínú fóònù ìyá rẹ̀, ó fi ohùn náà ránṣẹ́ sí ọ̀kan nínú yín. Àmì náà di búlúù, ìyẹn ni pé wọ́n ti gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ọmọbìnrin kan rí èsì gbà, inú wa dùn, àfi ìgbà tí a ṣí i: nọ́ńbà àkáǹtì ni, pẹ̀lú iye owó tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó tẹ́tí sí ewì ẹni. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, n kò sì ní dárúkọ. Ẹni tó ṣe é mọ ara rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló dáhùn bí àgbà. Ohùn tó fi ránṣẹ́ kò gùn rárá. Ó ní ìlà kẹta nínú ewì ọmọ náà dùn mọ́ òun, ó sì tún un kà. Ó ní ìlà karùn-ún kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ńṣe ni ọmọ náà kó ọ̀rọ̀ ńláńlá jọ síbẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè mọ̀ pé ó gbọ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá. Ó ní kí ó lọ jókòó ti ìyá àgbà kan tó mọ ẹkún ìyàwó, kí ó gbọ́ bí àwọn yẹn ṣe ń fi ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ pa ènìyàn lẹ́kún. Ìyá ìyá ọmọ náà wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tó dé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbogbo ewì tó ti kọ tẹ́lẹ̀ ló fẹ́ ya dànù. Èmi ni mo dá a dúró.

Ẹ wá jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ yìí gba Amẹ́ríkà kọjá. Ẹ má bínú sí mi. Ibẹ̀ ni mo ti rí akéwì tí ọ̀rọ̀ lẹ́tà yé jù, ìtàn rẹ̀ yóò sì padà kan Èkó àti Ìbàdàn níwájú.

Ní ọdún 1925, Langston Hughes, ọ̀dọ́ akéwì ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà, ń bá wọn kó abọ́ ní yàrá ìjẹun òtẹ́ẹ̀lì Wardman Park ní ìlú Washington. Vachel Lindsay, akéwì aláwọ̀ funfun tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà náà, wá jẹun alẹ́ níbẹ̀. Ojú ń ti Hughes láti bá a sọ̀rọ̀. Ó kọ ewì mẹ́ta sínú ìwé, ó fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo oúnjẹ ọkùnrin náà, ó sì yára kúrò níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, níwájú àwọn tó wá gbọ́ ewì tirẹ̀, Lindsay ka ewì akóbọ́ náà fún wọn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn oníwèé ìròyìn dé. Ká sọ òótọ́, Hughes kì í ṣe aláìlórúkọ pátápátá nígbà yẹn. Ó ti gba ipò kìíní nínú ìdíje ewì ìwé ìròyìn Opportunity lọ́dún yẹn kan náà, ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ti wà lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé. Ó jáde ní oṣù kìíní ọdún 1926. Àwọn oníròyìn fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ pé Lindsay ló wú u jáde nínú ilẹ̀.

Èmi kò ka ti oníròyìn sí. Ohun tó dá mi dúró ni pé kí Lindsay tó kúrò nílùú, ó fi ìwé kan sílẹ̀ fún un ní òtẹ́ẹ̀lì, ó sì kọ lẹ́tà gígùn sínú ìwé náà. Ó kìlọ̀ fún un nípa àwọn tí yóò fẹ́ máa gbé e gẹ̀gẹ̀ kiri òde àríyá. Ó ní kí ó fara pamọ́, kí ó máa kọ, kí ó máa kẹ́kọ̀ọ́, kí ó máa ronú. Àlejò ni Lindsay o. Ó ń lọ. Kò jẹ ọmọ náà ní gbèsè kankan, kò sì sí ohun tó ń retí lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́jọ, Hughes lọ ka ewì ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Chicago. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan tó ń jẹ́ Gwendolyn Brooks wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ìyá náà sì di ewì ọmọ rẹ̀ dání. (Ẹ mọ irú ìyá bẹ́ẹ̀. Wọn kì í lọ sílé títí wọn yóò fi rí ẹni tí wọ́n wá rí.) Hughes kò ní kí wọ́n fi sílẹ̀, kò ní òun yóò wò ó tó bá yá. Ibẹ̀ náà ló ti kà á, ó sì sọ fún ọmọ náà pé ó ní ẹ̀bùn, kí ó má ṣíwọ́.

Ìtàn kejì wà tí Brooks fúnra rẹ̀ sọ. Ó ti ń fi ewì ránṣẹ́ sí James Weldon Johnson. Ọkùnrin ńlá ni Johnson: akéwì ni, agbẹjọ́rò ni, ó ti ṣe akọ̀wé àgbà fún NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ tó wá sọ̀rọ̀ ní Chicago, ìyá tún mú ọmọ rẹ̀ lọ kí i, ó ní ọmọ yìí ló ń fi ewì ránṣẹ́ sí yín. Johnson kò túra ká. Ó ní àwọn tó ń fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun pọ̀.

Ẹ̀yin náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Àbí ẹ kò sọ ọ́?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń parí ìtàn méjèèjì sí nìyẹn: Hughes ṣeun, Johnson kò ṣeun. Èmi kò gbà. Johnson yìí kan náà ló ti kọ èrò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ewì ọmọ náà, tó sì dá wọn padà fún un. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1937 ó kọ̀wé sí i pé kò sí àní-àní, ó ní ẹ̀bùn ewì, kí ó máa kọ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n kí ó fara balẹ̀ ka iṣẹ́ àwọn akéwì òde òní tó mọ̀ ọ́n jù, kì í ṣe kí ó lè sín wọn jẹ, bí kò ṣe kí ó lè máa fi ojú líle wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn lẹ́tà yìí tí ọkọ̀ ojú irin kọlu mọ́tò rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Maine, tó sì gbabẹ̀ kú. Ọkùnrin tí kò túra ká lójúkojú ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìwé. Tí ẹ bá bi mí, mo lè sọ pé ohun tí lẹ́tà Johnson ṣe fún Brooks kò kéré sí ti Hughes. Hughes yára yin ènìyàn, nígbà mìíràn ó ti yára jù. Johnson sọ ohun tí ọmọ náà yóò lọ ṣe lọ́la.

Nítorí náà n kò sọ pé kí ẹ máa rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Ẹ lejú tó bá wù yín. Kí ẹ ṣáà fèsì.

Brooks gba Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá àwọn òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà, ní ọdún 1950, kò sí ènìyàn dúdú kankan tó gbà á ṣáájú rẹ̀. Ní 1968 wọ́n fi í ṣe akéwì ìpínlẹ̀ Illinois, orí oyè náà ló sì wà títí tó fi kú ní 2000. Owó àpò ara rẹ̀ ló fi ń ta àwọn ọmọ ilé ìwé tó bá kọ ewì dáadáa lọ́rẹ. Mo mọ̀ pé ẹ lè ka ẹ̀wọ̀n náà fúnra yín: Lindsay sí Hughes, Hughes àti Johnson sí Brooks, Brooks sí àwọn ọmọ Illinois.

Ó wá ku tiwa. Láàárín àwọn ọdún 1950, ìwé ìròyìn Drum ní Johannesburg, ní Gúúsù Áfíríkà, ń ṣe ìdíje ìtàn kúkúrú. Henry Nxumalo, ọ̀kan nínú àwọn olóòtú rẹ̀, kọ̀wé sí Hughes ní New York pé kí ó bá wọn dá sí ìdájọ́ ìdíje náà. Hughes gbà. Ohun tó kà wú u lórí débi pé kò fi mọ sí ìdájọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí àwọn òǹkọ̀wé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń bèèrè ìtàn mìíràn àti ewì mìíràn. Ó ń fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn, ó ń sọ ibi tí wọ́n lè fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí fún wọn. Richard Rive wà lára wọn ní Cape Town, Peter Clarke tó ń ya àwòrán tó sì ń kọ ìtàn wà ní Simon's Town, Bloke Modisane wà ní Sophiatown, àdúgbò àwọn ènìyàn dúdú ní Johannesburg.

Ẹ rántí àkókò náà. Ọdún 1955 ni ìjọba apartheid, ìjọba aláwọ̀ funfun tó ń ya ènìyàn dúdú sọ́tọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ènìyàn kúrò ní Sophiatown, tí wọ́n ń wó ilé lé wọn lórí. Ènìyàn dúdú ò lè rìn bó ṣe wù ú nínú ìlú rẹ̀ láìmú ìwé àṣẹ dání. Ní irú ibẹ̀, kí àpò lẹ́tà dé láti Harlem, àdúgbò ènìyàn dúdú ní New York, kí ó jẹ́ pé akéwì tí o ti ń ka orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ló ń bi ọ́ pé kí lo tún ní nílẹ̀: mo máa ń gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, n kì í sì í lè ṣàlàyé rẹ̀ tán.

Lẹ́tà wọ̀nyẹn di ìwé. Ní 1960 Hughes kó iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà jọ, ó gbé e jáde ní Amẹ́ríkà. Ìjọba Gúúsù Áfíríkà fòfin dè é. Ní 1963 ó gbé àkójọ ewì Áfíríkà jáde, Wole Soyinka àti Gabriel Okara wà nínú rẹ̀ láti Nàìjíríà. Àwọn méjèèjì kò tíì di ohun tí wọ́n dà lónìí nígbà náà.

Ezekiel Mphahlele náà wà lára àwọn tó ń bá Hughes kọ lẹ́tà síra. Olùkọ́ ni. Ó ta ko ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba apartheid fẹ́ fi sọ ọmọ dúdú di ẹrú, wọ́n sì gba iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1957 ó sá kúrò nílé, ibo ló wá? Èkó ni. Ó kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ó ti ibẹ̀ dé Yunifásítì Ìbàdàn, nígbà tí wọ́n sì dá Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1961, òun náà wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ pẹ̀lú Soyinka, Okigbo, Clark àti Ulli Beier. Mbari ló tẹ ìwé ewì Christopher Okigbo àti ti J. P. Clark jáde ní 1962. Hughes fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì níbí. Ó wà ní Èkó ní oṣù kọkànlá ọdún 1960 nígbà tí wọ́n ń fi Nnamdi Azikiwe jẹ Gómìnà Àgbà. Yunifásítì Lincoln kan náà ní Pennsylvania ni àwọn méjèèjì ti kàwé, Azikiwe sì ka ewì Hughes nínú ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1961 Hughes tún padà wá pẹ̀lú àwọn olórin Amẹ́ríkà tó wá ṣeré ní pápá ìṣeré King George V, Nina Simone àti Babátúndé Ọlátúnjí wa wà láàárín wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 1962 ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Makerere ní Kampala, ní Uganda, níbi tí àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà péjọ sí. Ojú mọ ojú nígbà náà, ṣùgbọ́n lẹ́tà ló ti ṣáájú.

Mo gbọ́ ohun tí ẹ ń rò. Ẹ ní Hughes lówó, ó láàyè, òyìnbó ń tọ́jú rẹ̀. Irọ́ ni. Hughes máa ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé nínú iṣẹ́ ìwé, òun dà bí àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tí onílẹ̀ ń kó púpọ̀ lọ nínú ìkórè. Ewì, eré orí ìtàgé, ọ̀rọ̀ orin, àpilẹ̀kọ ìwé ìròyìn, ìwé ọmọdé, kò sí èyí tí kò kọ kó lè jẹun. Òru ló máa ń ṣiṣẹ́, títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́ẹ̀ mọ́. Ó sì ń rí àyè kọ lẹ́tà. Ní 1967, ọdún tó kú gan-an, ó fi ìtàn ọ̀dọ́bìnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ sínú àkójọ ìtàn kúkúrú rẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé sí i. Alice Walker ni, ẹni tó padà di òǹkọ̀wé ńlá.

Ẹ tún lè sọ pé ọ̀rọ̀ lẹ́tà kì í ṣe àṣà wa nínú iṣẹ́ ewì. Èyí ni mo fẹ́ dáhùn dáadáa, nítorí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún. Òótọ́ ni, ọmọ tó fẹ́ mọ ìjálá sun kì í kọ lẹ́tà. Yóò tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀, yóò máa bá a gbé àpò, yóò máa gbe orin, yóò máa gbọ́. Tó bá dé agbo àwọn ọdẹ tó sì ṣi oríkì kan pè, ẹlòmíràn yóò dá a lọ́nà lójú gbogbo ènìyàn pé kò rí bẹ́ẹ̀, irọ́ lo pa. Òun náà yóò fi ohùn ìjálá dá a lóhùn, bóyá kí ó gbà, bóyá kí ó sọ ẹni tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò sun ìjálá tí wọ́n yóò kàn wò ó níran. Bí ó ti rí lọ́dọ̀ àwọn elésà àti onírárà náà nìyẹn. Ìdáhùn kò ṣe é yọ kúrò nínú iṣẹ́ yìí.

Agbo yẹn gan-an ni ọmọ òde òní kò ní. Aago méje àárọ̀ ló ń jáde nílé. Tí ilé ìwé bá parí, ó di lẹ́sìn, tí lẹ́sìn bá parí, ó di ìsọ̀ ìyá rẹ̀ lọ́jà Ìgbọ̀nà. Kò ní ọ̀gá tí yóò tẹ̀lé lọ síbi ìnáwó, ẹ̀yin náà kò sì ní gbà kí ó tẹ̀lé yín nínú ọkọ̀ yín. Lẹ́tà tó kọ sí yín ni agbo tó bọ́ sí. Tí ẹ bá dákẹ́, ẹ ti fi í sílẹ̀ níbẹ̀ láìsí ẹni tí yóò ní ó pa irọ́, láìsí ẹni tí yóò ní ó ṣeun.

Ẹ̀yin tó bá ní iṣẹ́ pọ̀, mo gbà. Àwọn tó ń kọ̀wé sí yín kì í ṣe ẹgbẹ́ kan náà, ẹ kò sì ní láti dá gbogbo wọn lóhùn bákan náà. Èyí tó kàn ń yìn yín, tó ní ewì yín pa òun lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n òun, “ẹ ṣé” tó fún un. Èyí tó ń tọrọ owó, ẹ mọ bí ẹ ṣe ń ṣe é. Èyí tó fi ewì ránṣẹ́ ni mò ń sọ. Ẹ mú ìlà kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ẹ sọ ohun tó ṣe ìlà náà. Ẹ sọ orúkọ ẹnì kan tí ó yẹ kí ó lọ gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un pé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, kí ó máa bá a lọ; àwa olùkọ́ ti ń sọ ìyẹn fún wọn lójoojúmọ́, kò sì tíì tún ìlà kankan ṣe. Tí ewì náà kò bá dára, ẹ sọ pé kò dára. Wọn kò ní kú. Ọmọ tí mò ń kọ́ yìí, wọ́n ń gba mẹ́ta nínú ogún lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ń jẹun ọ̀sán.

Ẹ má gba owó lọ́wọ́ wọn. Ẹ má sì mú ìlà wọn. Ẹ̀sùn yìí ti dé etí mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, pé ọmọ fi ewì ránṣẹ́, ó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn lórí rédíò. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Mo kàn mọ̀ pé ẹni tó bá ti fèsì sí lẹ́tà kan, tí èsì náà sì wà nílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kàn án.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni mí. Ọmọbìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ̀wé sí yín. Ẹ má pè wọ́n lálẹ́. Ẹ má ní kí wọ́n wá bá yín ní situdió kí ẹ lè kọ́ wọn níbẹ̀. Ẹ má bèèrè fọ́tò. Ẹ fèsì gba ọwọ́ olùkọ́ wọn tàbí òbí wọn, kí gbogbo wa jọ gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Akéwì tí kò bá lè sọ èrò rẹ̀ nípa ewì ọmọ létí ìyá ọmọ, a kò fẹ́ èrò rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìtọ́jú. Hughes kò ju lẹ́tà nù. Ó kó wọn jọ, tirẹ̀ àti ti àwọn tó kọ̀wé sí i, ó sì ń kó wọn fún Yunifásítì Yale nígbà tó ṣì wà láyé. Ibi tí wọ́n kó wọn sí níbẹ̀, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní 1941 ni àkójọ ìrántí James Weldon Johnson. Bẹ́ẹ̀ ni, Johnson tó ní àwọn tó ń fi ewì ránṣẹ́ sí òun ti pọ̀ jù! Abẹ́ orúkọ rẹ̀ ni lẹ́tà àwọn ọmọ Johannesburg àti Cape Town wà lónìí. Ní 2010 àwọn ọ̀mọ̀wé kó lẹ́tà Hughes àti ti àwọn òǹkọ̀wé Drum jáde ní ìwé. Ní 2015 àṣàyàn lẹ́tà rẹ̀ mìíràn tún jáde. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn òǹkọ̀wé yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀, yóò rí i kà lẹ́nu àwọn fúnra wọn.

A ní ẹni tó mọ irú èyí láàárín wa rí. Ní Ìbàdàn, ní 1924, D. A. Ọbasá bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Yoruba News. Ó ní ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀. Ó kó ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ń sọ jọ, ó sọ wọ́n di ewì, ìwé rẹ̀ kìíní sì jáde ní 1927. Kò dúró de òyìnbó kí ó tó mọ̀ pé ohun tí a kò bá tẹ̀ yóò lọ. Tiyín lónìí wà nínú fóònù. Lọ́jọ́ tí fóònù náà bá bọ́ sómi, tàbí tí wọ́n jí i ní Ojúẹlẹ́gba, gbogbo ohùn tí àwọn ọmọ fi ránṣẹ́ àti gbogbo ìmọ̀ràn tí ẹ fún wọn ti bá a lọ. Ẹ ní kí ẹnì kan bá yín kó o sórí kọ̀ǹpútà. Tí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹ ó kó o sí, àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá wà ní yunifásítì wa, ní Ifẹ̀, ní Ìbàdàn, ní Èkó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí àwa fẹ́ ṣe nílé ẹ̀kọ́ wa nìyí. Ní sáà tó ń bọ̀, àwọn ọmọ SS2 tuntun yóò kọ lẹ́tà tiwọn. Èmi ni n ó fi ránṣẹ́, láti orí nọ́ńbà ilé ẹ̀kọ́, n ó sì kọ orúkọ ọmọ, kíláàsì rẹ̀ àti ewì tí ó gbọ́ lẹ́nu yín sí i. A ti ra ìwé hàádìkọ́fà fún un. Tí ẹ bá kọ èsì, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Tí ẹ bá fi ohùn sọ ọ́, àwọn ọmọ yóò dà á kọ, èyí yóò sì tún jẹ́ iṣẹ́ àmì ohùn fún wọn. Ẹ má dààmú tí èsì bá pẹ́, a ó máa retí rẹ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá wọ SS3. Lẹ́yìn ìyẹn, WAEC yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ èdè Yorùbá kan, Òṣogbo.